Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Èéfín, Eruku àti Ọmọ Inú Oyún

Òkun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Kábà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Òwòrò, púpọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí aboyún àti ohun tó ń fà símú: èéfín ìdí ààrò, èéfín ẹ̀rọ, eruku ọ̀nà. A mú díẹ̀ nínú wọn síwájú lóṣù yìí. Àwọn ìdáhùn kan gùn nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Àwọn kan kò gba ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ìbéèrè (Kábà): Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ní kí n yẹra fún èéfín igi. Ìyá ọkọ mi ní ìdí ààrò ni àwọn ti bí ọmọ méje, gbogbo wọn ló sì yè. Mi ò fẹ́ bá ìyá ṣe àríyànjiyàn. Báwo gan-an ni èéfín tí mo fà símú ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà nínú ikùn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ìyá sọ nípa ọmọ tiwọn, ẹ má jà wọ́n níyàn. Ọṣẹ́ èéfín kì í hàn lára gbogbo ọmọ. Ìwọ̀n ọmọ ló máa ń bù jẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń mú kí àwọn ọmọ tí a bí láìpé ọjọ́ pọ̀ sí i láàárín ìlú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ì bá wọn kílò 3.1, tó wá wọn kílò 3, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun dín. Àmọ́ ọmọ tí ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ti fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ìdínkù kékeré yẹn lè tì í sábẹ́ kílò 2.5. Ọmọ tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn, òtútù tètè ń mú un, kì í lágbára láti fa ọmú, àrùn sì tètè ń gbé e dè.

Ọ̀nà méjì ni ẹ fi ojú sí. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń gbé ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí ró, lọ sí ibi ọmọ (olóbi, tó ń bọ́ ọmọ nínú ikùn), carbon monoxide sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba, nítorí náà ìba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba àyè ọ́síjìn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú tún ń dì í mú ju ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Ìyá lè ti bọ́ síta, kí orí tó ń fọ́ ọ ti fúyẹ́, kí ara ọmọ má tíì bọ̀ sípò.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rún èéfín tó kéré jù, PM2.5, ìyẹn èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírọ́mítà 2.5 lọ. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, apá kan rẹ̀ sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú, kí ó sì há, títí kan àwọn iṣan tó ń bọ́ ibi ọmọ. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù rí ẹ̀rún dúdú èéfín lójú ibi ọmọ, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọmọ. Ní ọdún 2022, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti àwọn ará Aberdeen ní Skọ́tílàǹdì rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ ọmọ inú tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ.

Ṣé bí a bá mú èéfín kúrò, ọmọ á sàn jù? Ní Ìbàdàn, wọ́n pín aboyún 324 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ààrò tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, ọtí kan tó ń jó bí epo. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ọmọ àwọn tó lo ẹtánọ́ọ̀lù wọn gíráàmù 3,076, ti àwọn yòókù wọn 2,988. Oyún wọn pé ọ̀sẹ̀ 39.2 kí wọ́n tó bí, ti àwọn yòókù jẹ́ 38.2. Àwọn ọmọ tó kú sínú oyún àti ní kété lẹ́yìn ìbí jẹ́ 3.9 nínú 100 lọ́dọ̀ wọn, 7.9 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ gbọ́ apá kejì pẹ̀lú: ìwádìí tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n ṣe fún aboyún 3,200 ní Guatemala, Íńdíà, Peru àti Rùwáńdà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, fi gáàsì rọ́pò igi, èéfín tí àwọn obìnrin náà ń fà sì dín kù gidigidi, síbẹ̀ ìwọ̀n ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú ìwádìí yẹn, àwọn kan ti lo tó ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún nínú oyún kí gáàsì tó dé ọwọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ibi ọmọ ń ta gbòǹgbò. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á tètè bẹ̀rẹ̀, kódà kí oyún tó dúró, kí á má sì rò pé ààrò nìkan lè ṣe iṣẹ́ oògùn ibà, oúnjẹ àti ìtọ́jú aboyún.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má gbé ìdí ààrò lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ sì bá tiyín lọ. Èéfín kan náà ló ń mú ojú wọn ṣomi tó sì ń mú wọn wúkọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ fún ọkọ pé kí ó tún ilé ìdáná ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyá máa ń yára wọlé sí ọmọ wọn létí.

Ìbéèrè (Ògìdì): Ọkọ aboyún ni mí. Owó gáàsì kò tíì sí. Kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe sí ilé ìdáná wa kí èéfín lè dín kù kí ìyàwó mi tó bímọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, inú wa dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo èyí tó dé lóṣù yìí lọ. Igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Igi tútù lè jẹ́ omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè omi yẹn gbẹ kí ó tó mú ooru wá, èéfín ló sì fi ń ṣe é. Ẹ la igi sí wẹ́wẹ́ tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ tò ó sórí òkúta tàbí pákó kí ó má fara kan ilẹ̀, ẹ bo òkè rẹ̀ ní páànù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Èyí tí ẹ là nígbà ọyẹ́ á ti gbẹ dáadáa kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Igi tó gbẹ máa ń sán lẹ́nu, ó máa ń fúyẹ́, bí ẹ bá sì fi méjì lu ara wọn, á dún gbọngbọn. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń yọ ìfófò nígbà tó ń jó, kò tíì gbẹ.

Lẹ́yìn igi, ó kan iná fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ igi kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí ẹ sì máa kó eérú kúrò lójoojúmọ́, torí pé eérú tó bá kún á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Orí igi nìkan ni kí ó wà nínú iná, kí ẹ máa tì í wọlé bó ṣe ń jó. Igi tí a kì pọ̀ sínú ààrò kì í jó, ṣe ló máa ń rú. Ẹ má fi ọ̀rá, rọ́bà tàbí táyà dá iná. Oró inú èéfín wọn burú ju ti igi lọ. Ògùṣọ̀ àti kùkù àgbàdo tó gbẹ ti tó. Èèpo kóró kajú náà, tó pọ̀ lágbègbè wa, ẹ má sun ún nídìí ààrò: òróró inú rẹ̀ ń ta ojú àti ọ̀fun.

Ìgbà tí a ń dá iná àti ìgbà tó ń kú lọ ni èéfín pọ̀ jù. Nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ máa dá a, kí ìyàwó yín wá síbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ iná bá ti mọ́. Kí wọ́n má fi ẹnu fẹ́ iná, àbẹ̀bẹ̀ ni kí wọ́n lò. Bí oúnjẹ bá jinná, ẹ fa igi jáde, ẹ pa á. Ẹyin iná tí a fi sílẹ̀ kí ó máa jó lábẹ́lẹ̀ ń tú carbon monoxide jáde láìsí èéfín tí ojú lè rí.

Bí ilé ìdáná bá há, tó sì jẹ́ fèrèsé kan péré ló ní, PM2.5 inú rẹ̀ lè kọjá máíkírógíráàmù 500 nínú kúbíìkì mítà kan nígbà tí iná ń jó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju 15 lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ dá ihò kejì sí ògiri tó dojú kọ fèrèsé yẹn, ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ògiri àti òrùlé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe páípù èéfín, kí ó yọ sókè ju ṣóńṣó òrùlé lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Èyí tó bá dúró lábẹ́ páànù, afẹ́fẹ́ á dá èéfín rẹ̀ padà wọ yàrá. Àmọ́ bí ààyè bá wà, ìta gbangba lábẹ́ àtíbàbà aláìlógiri dára ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì ná yín ní nǹkan kan.

Ìbéèrè (Ìyàrà): Gàrí ni mo ń yan. Oyún oṣù márùn-ún ni mo wà. Bí mi ò bá jókòó sídìí agbada, kò sí owó ilé-ìwòsàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: A kò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹnu iná wà. Níbi púpọ̀, ẹnu iná àti ẹni tó ń yan gàrí wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí gbogbo èéfín sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ń mọ ààrò tuntun, ẹ jẹ́ kí ògiri wà láàárín: ẹnu iná ní ẹ̀yìn ògiri, agbada àti ìjókòó yín níwájú rẹ̀, páípù èéfín ní ìparí ààrò tó jìnnà sí ẹnu iná. Ẹ fi amọ̀ dí etí agbada yíká pátápátá, torí pé ibi tí amọ̀ bá ti sán ni èéfín ń gbà jáde sí yín lójú. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó dá iná, kí ẹ tún un rẹ́. Dúdú èéfín máa ń dí páípù nínú. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu iná láìjẹ́ pé igi tútù, ó ti tó àkókò láti ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kí ẹ gbọ̀n ọ́n.

Bí ẹ kò bá tíì lè mọ ààrò, ẹ yí ìjókòó padà. Ọ̀pọ̀ ń kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, wọ́n rò pé á gbé èéfín lọ síwájú. Ara wọn ló ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, èéfín á sì yí padà wá bá wọn láyà. Ẹ jókòó kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ yín kan lọ sí èkejì. Nígbà ọyẹ́, ó sábà máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni.

Ẹ fún ẹ̀gẹ́ náà gbẹ dáadáa kí ó tó dé agbada. Ẹ̀gẹ́ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ń pẹ́ lórí iná, oru rẹ̀ sì ń gbé oró sáyánáìdì tó kù nínú rẹ̀ jáde. Èyí tó kan dáadáa tí a sì fún gbẹ kò ní púpọ̀. Ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín pín iṣẹ́: kí ẹ̀yin máa bó, kí ẹ máa sẹ́, kí ẹ máa wọn gàrí fún oníbàárà, kí ẹni tí kò lóyún máa yan. Bí ẹ̀yin bá gbọdọ̀ yan, ẹ má ṣe é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ dìde lóòrèkóòrè, ẹ rìn kúrò níbẹ̀, ẹ mu omi. Bí orí bá fọ́ yín gan-an, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ wú, ìyẹn ti kọjá àárẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè (Ẹ̀kìnrìn-Àdé): Èédú kò ní èéfín. Ṣé ó dára ju igi lọ fún aboyún? Àti pé ọkọ mi ní kẹrosíìnì náà tó.

Ìdáhùn: Èédú kò ní èéfín púpọ̀, àmọ́ ó ń tú carbon monoxide jáde ju igi lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pa ènìyàn nínú ilé láìjẹ́ pé wọ́n gbóòórùn ohunkóhun. Ìta nìkan ni ẹ ti lè lò ó. Ẹ má gbé e wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, ì báà jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kẹrosíìnì náà kò tó: láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí á má lò ó nínú ilé, nítorí ẹ̀rún èéfín rẹ̀ àti ewu iná.

Gáàsì dára ju méjèèjì lọ. Bí owó sílíńdà ńlá kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 3 tàbí 6, kí ẹ sì fi í ṣe iṣẹ́ tó ń mú yín tẹ̀ mọ́ iná: ọbẹ̀ ríro, ẹyin díndín, ọ̀kà rírò. Iṣu iyán àti ẹ̀wà tó lè máa hó fúnra wọn, ẹ gbé wọn sórí igi níta, kí ẹ dé ìkòkò, kí ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú kì í pẹ́ lórí iná. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró. Bí ẹ bá ti so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ fi ìfófò ọṣẹ ra ojú ìsopọ̀. Bí ìfófò náà bá ń wú, ó ń jò. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bà sí, nítorí náà ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú, yàtọ̀ sí fèrèsé.

Ìbéèrè (Mọ̀pà): Iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí kí olè má gbé e. A sì máa ń sun kọ́ìlì ẹ̀fọn lálẹ́. Ìyàwó mi lóyún oṣù méjì.

Ìdáhùn: Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde lálẹ́ òní. Kí ó jìnnà tó mítà mẹ́fà, ó kéré tán, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ìta. Ẹ ní kí alurinmọ́ra ṣe àgò onírin fún un, kí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ kọnkéré. Olè kò ní rí i gbé. Ṣíṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tó. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, ẹ jáde síta kíákíá, kí ẹ sì gbé aboyún lọ sí ilé-ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti yá, torí ohun tí a sọ lókè nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú.

Ní ti kọ́ìlì, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé ẹ̀rún PM2.5 tí ẹyọ kan ń tú sílẹ̀ tó ti sìgá 75 sí 137. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún aboyún ní kílíníìkì. Ẹ kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ibà nítorí pé ẹ ń sá fún èéfín: ibà fúnra rẹ̀ ń mú kí ọmọ kéré.

Ìbéèrè (etí ọ̀nà Kábà sí Ọbájánà): Tírélà kì í dákẹ́ níwájú ilé wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá eruku. Ṣé eruku yìí lè ṣe ọmọ inú mi ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Eruku tó nípọn, èyí tí ẹ ń rí lórí tábìlì, imú àti ọ̀fun ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ó ń mú ikọ́ wá, ó sì burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée, ṣùgbọ́n èéfín dísù tó ń jáde lẹ́yìn tírélà, tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń pọ̀ jù létí ọ̀nà gan-an, ó sì máa ń rẹlẹ̀ púpọ̀ bí ènìyàn bá ti fi ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ mítà kúrò níbẹ̀. Ẹ máa sun yàrá ẹ̀yìn. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ẹ ṣí ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní ìsọ̀, ẹ má gbé e sí ibi tí tírélà ń dúró sí láìpa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀. Ẹ wọ́n omi kí ẹ tó gbálẹ̀, tàbí kí ẹ fi àkísà tútù nù ún. Bí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ń ṣiṣẹ́ níbi sìmẹ́ńtì tàbí níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ̀yin má gbọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè (Ìsánlú): Ọkọ mi ń wa góòlù. Wọ́n ń lọ òkúta nínú àgbàlá, wọ́n sì ń fi mẹ́kúrì kó o, wọ́n á wá sun ún nídìí ààrò mi. Mo lóyún.

Ìdáhùn: Kí ó dáwọ́ dúró nínú ilé lónìí. Mẹ́kúrì tí iná bá kàn di oru, ẹ̀dọ̀fóró ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé, ó ń la ibi ọmọ kọjá, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé tó kú lé ní irínwó nítorí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ nínú àgbàlá. Kí wọ́n kó ẹ̀rọ, òkúta àti ìkòkò mẹ́kúrì jìnnà sí ilé àti orísun omi. Ìkòkò tí wọ́n ti lò kò gbọdọ̀ se oúnjẹ mọ́ láéláé. Bí mẹ́kúrì bá dà sílẹ̀, ẹ má gbá a, ìgbálẹ̀ ń fọ́n ọn káàkiri ni. Ẹni tí kò lóyún ni kí ó fi páálí líle tì í jọ sínú ìgò omi tó ní ìdérí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà ní ilé-ìwòsàn ńlá, kí wọ́n lè pinnu àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀.

Ìbéèrè (Bùnú): Wọ́n ń dáná sungbó yí wa ká. Ṣé kí n wọ ìbòmú?

Ìdáhùn: Ìbòmú aláṣọ àti ti bùlúù tó rọ̀ kò dá PM2.5 dúró tó bẹ́ẹ̀. N95 tó fún mọ́ imú àti àgbọ̀n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò dá carbon monoxide dúró, ó sì lè mú mímí nira fún aboyún, nítorí náà fún ìgbà díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí èéfín bá bo ìlú, ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ má dá iná igi kún un.

Ìbéèrè (Ẹ̀gbẹ̀): Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ nínú oyún?

Ìdáhùn: Téèpù ni agbẹ̀bí ń lò. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, gíga ilé ọmọ láti egungun abẹ́ ikùn sókè máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀ oyún: ní ọ̀sẹ̀ 30, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ó bá fi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín, wọ́n á ní kí ẹ lọ ṣe sikáànù. Ìwọ̀n yìí kò wúlò bí a kò bá mọ ọjọ́ orí oyún dájú, ìdí nìyẹn tí sikáànù kan ṣáájú ọ̀sẹ̀ 24 fi ṣe pàtàkì. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún lọ fún ìtọ́jú ní ìgbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ wáyé kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, áyọ́ọ̀nù mílígíráàmù 30 sí 60 pẹ̀lú fólíìkì mílígíráàmù 0.4. Ẹ gba oògùn ibà SP láti ọ̀sẹ̀ 13, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ìgbà kan sí èkejì, kí ó pé ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fólíìkì oní-mílígíráàmù 5 tí wọ́n ń tà káàkiri ń dín agbára SP kù. Ẹ fi páálí oògùn yín han nọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní oògùn Septrin kò gbọdọ̀ gba SP. Bí ọmọ kò bá sì rọ́kẹ̀kẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Ìbéèrè (Àyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀): Ìyá àgbà ni mí. Ọmọ ọmọ mi wọn kílò 2.2. Ṣé èéfín ló fà á? Mo ti gbé ìkòkò iná sí yàrá kí ara ọmọ lè móoru.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò iná yẹn jáde kí ẹ tó ka èyí tó kù. Kò sí ẹni tó lè fi ìka kan ohun kan nípa ọmọ kan ṣoṣo: èéfín lè wà níbẹ̀, ibà lè wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n bí i láìpé ọjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi í bú ìyá rẹ̀.

Àyà ìyá ni ìkòkò iná ọmọ yìí. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, kí ó ku fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti nápí. Ẹ gbé e dúró sí àárín ọmú ìyá rẹ̀, kí awọ kan awọ, kí orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí imú lè ṣí. Ẹ fi ọ̀já dì í mọ́ra, kí ẹ da aṣọ bo méjèèjì. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ló kéré jù, bí ó bá sì lè tó mẹ́rìnlélógún, ó dára. Bí ìyá bá fẹ́ wẹ̀ tàbí sinmi, ẹ̀yin tàbí bàbá ọmọ lè gbé e sáyà bákan náà. Ọmú ìyá nìkan ni kí ó máa mu, láìsí omi, láìsí àgbo. Bí kò bá lè fà á, ẹ fún wàrà náà sínú ife mímọ́ kí ẹ máa fi tọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru.

Ẹ gbé e padà lọ wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù tí kò sì móoru láyà ìyá, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ó bá ń mí ní ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ilé-ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, kí ọmọ sì wà láyà ìyá rẹ̀ títí wọn yóò fi dé ibẹ̀.